Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Oníná: Kí A Tó Ra Bátìrì, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Atẹ́gùn

  

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló wà nílẹ̀. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ ní ìpàdé tó kọjá pé àwọn ọmọkùnrin kan wá bá ẹgbẹ́, wọ́n ní àwọn lè yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú bọ́ọ̀sì kékeré tí a fi ń kó ẹrù káàkiri ìgboro, kí àwọn fi ẹ̀rọ tó ń lo iná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní tó bá tẹ́ wa lọ́rùn, àwọn á ṣe lọ́rì wa tó ń ná ọ̀nà jíjìn náà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kí a má fi owó àjọ ṣeré. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ní èrò tiwa, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè, torí owó tí a fẹ́ ná yìí, owó ojúmọ́ gbogbo wa ni.

Èrò wa rèé. Ẹ jẹ́ ká ṣe bọ́ọ̀sì ìgboro ní oníná. Ẹ má jẹ́ ká ra bátìrì kankan fún lọ́rì. Ohun tó ń jẹ owó wa lórí lọ́rì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Atẹ́gùn wà níbẹ̀, àti bí a ṣe ń to ẹrù, àti eré tí dírẹ́bà ń sá. Ẹni tó bá gbé bátìrì olówó gọbọi sínú lọ́rì tí wọ́n kó ẹrù lé bí òkìtì ààtàn, atẹ́gùn ló ń ra iná fún.

Kò sí ẹni tó gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu dúró ní Abuja tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí à ń rà kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí 500. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti sún mọ́ 1,000 náírà ní Èkó. Dísẹ́ẹ̀lì tí lọ́rì ń mu ti kọjá 1,000 kó tó dìgbà náà. Owó mọ́tò orí àpò gàárì kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ bó ṣe fò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná fi ń dùn létí, a ò sì bá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ atẹ́gùn ná, torí òun lojú kì í rí. Ẹni tó bá ti gbé atẹ ńlá rí lọ́jọ́ tí ìjì ń jà mọ̀ ọ́n. Tó bá gbé e lélẹ̀ pẹrẹsẹ sórí, ó ń lọ. Tó bá gbé e dúró síwájú àyà bí ìgbà tí èèyàn gbé ilẹ̀kùn, atẹ́gùn á máa tì í padà. Atẹ kan náà ni o, kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́tò tó ń sáré, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ìjì tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ewé kò tiẹ̀ mì lórí igi, ó ní láti ti afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè kọjá, epo la sì fi ń tì í. Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, atẹ́gùn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Láti 80 sí 100 lórí máìlì, tí dírẹ́bà máa ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ohun tí atẹ́gùn fi ń tì wá padà ti fi ju ìdajì lé e.

Ẹ̀yìn mọ́tò náà ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Tí tírélà bá sáré kọjá lẹ́bàá títì, ẹ wo bí láílọ́ọ̀nù àti eruku ṣe ń dìde tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó gé gbàgà ló fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àyè yẹn ló ń fa láílọ́ọ̀nù, òun náà ló ń fa tírélà sẹ́yìn. Dísẹ́ẹ̀lì wa ló ń gbé ìdọ̀tí yẹn jó lójú títì. Ẹ wá wo ẹja nínú omi: orí rẹ̀ rí roboto, ìrù rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ. Ọkọ̀ àwọn apẹja náà rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò akẹ́rù tiwa ló rí bíi páálí bàtà.

Páálí bàtà yìí náà ni wọ́n sì dán wò ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹnjinníà kan wà ní ibùdó NASA tó wà nínú aṣálẹ̀ California, orúkọ rẹ̀ ni Edwin Saltzman. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Tí tírélà bá ń kọjá lára rẹ̀, ó máa ń rí i pé atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ ti òun dànù, lẹ́yìn náà á tún fa òun mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mú bọ́ọ̀sì akẹ́rù àlòkù kan, wọ́n fi páànù bò ó yí ká kí gbogbo igun rẹ̀ lè mú bíi ti páálí, wọ́n sì wọn bí atẹ́gùn ṣe ń tì í tó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ igun náà kó lè rí roboto. Nígbà tí wọ́n rọ igun tó dúró lóòró nìkan, ìdá 40 nínú 100 atẹ́gùn tó ń dí i lọ́wọ́ ti lọ. Nígbà tí wọ́n rọ gbogbo igun, ó di ìdá 54. Àyè tí wọ́n sì pàdánù nínú bọ́ọ̀sì náà kò ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Igun ni wọ́n rọ o, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tí panẹbítà tó wà lẹ́yìn ọjà wa lè ṣe ni.

Ẹ ó ní kí ló wá kan mọ́tò oníná nínú èyí. Ó kàn án ju ti elépo lọ. Nínú epo 100 náírà tí a bá dà sínú ẹ́ńjìnnì, bíi 70 ló ń di ooru lásán, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀rọ iná kì í fi ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó wà nínú bátìrì ló ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Èyí dára. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí a ń tọ́jú agbára náà sí. Dísẹ́ẹ̀lì kìlò kan ní agbára tó tó yúníìtì 12 nínú, yúníìtì yìí kan náà tí a ń rà sínú mítà iná nílé. Bátìrì lithium, tó jẹ́ pé òun ló fúyẹ́ jù nínú èyí tó wà lọ́jà, kìlò kan rẹ̀ kì í gbà ju ìdá kékeré kan nínú yúníìtì kan lọ, bíi 0.15. Ìdí nìyí tí òfò inú mọ́tò elépo kì í fi hàn. A kàn ń kún táńkì ni, a ń bínú, a ń lọ. Nínú mọ́tò oníná, gbogbo ohun tí atẹ́gùn bá gbà, bátìrì la máa fi rọ́pò rẹ̀. Bátìrì wọ́n, ó wúwo, àyè ẹrù wa ló sì ń jókòó sí.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà bá wa ṣírò rẹ̀ lórí bébà. Ká ní wọ́n kó ẹrù ga ju orí kábù lọ ní mítà kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà méjì àti díẹ̀ bíi ti lọ́rì wa, kí dírẹ́bà máa sá 80. Mítà kan tó yọ sókè yẹn nìkan, atẹ́gùn á gba bíi yúníìtì 20 lórí rẹ̀ nínú gbogbo 100 kìlómítà. Tó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ó tó lítà 5. Tó bá jẹ́ oníná, bátìrì tí a máa rà kìkì nítorí mítà kan yìí á wọ̀n tó 150 kìlò, ìyẹn àpò ìrẹsì mẹ́ta. Fún 100 kìlómítà péré ni o. Láti Èkó sí Ìbàdàn ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Kano tí tòmátò ń gbà wá, tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà.

Àwọn tó ń ṣe tírélà oníná ní òkè òkun mọ èyí dáadáa. Tesla Semi, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún ilé iṣẹ́ PepsiCo ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ẹ wo fọ́tò rẹ̀ tí ẹ bá rí i lórí fóònù ọmọ yín. Imú rẹ̀ rí bíi ti ọkọ̀ ojú irin ayára, àárín gbùngbùn ni dírẹ́bà ń jókòó sí, òrùlé kábù rẹ̀ sì ga bára dọ́gba pẹ̀lú àpótí ẹrù tó ń fà kí atẹ́gùn má baà rí ibi gbá. Wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ẹwà. Ìlérí ilé iṣẹ́ náà ni pé kò ní jẹ ju yúníìtì méjì lọ fún máìlì kan, tí ó bá gbé ẹrù kún. Ìyẹn jẹ́ bíi yúníìtì 1 àti díẹ̀ fún kìlómítà kan. Ká ní wọ́n lo imú pẹrẹsẹ, kí wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé e lórí, kí wọ́n so adìẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlérí yẹn kò ní dúró rárá.

A kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà kò lè ṣe é. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi yunifásítì sílẹ̀, ti ń yí àwọn bọ́ọ̀sì kékeré elépo padà sí oníná nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2021, ó ti kúrò lórí yíyí wọn padà, ó ti ń kọ́ bọ́ọ̀sì tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé bọ́ọ̀sì ìgboro ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tírélà tó ń lọ sí Èkó. Ọgbọ́n ńlá lèyí.

Nínú ìgboro, atẹ́gùn kì í ṣe ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì wa tó ń ti gáréèjì bọ̀ wá sọ́jà, 20 ni, 30 ni, gósíló ni, ó dúró, ó tún gbéra. Ohun tó ń jẹ epo níbẹ̀ ni ìwúwo àti búréèkì: a fi epo gbé e dìde, a fi búréèkì pa eré náà, epo sì ti lọ. Mọ́tò oníná máa ń rí díẹ̀ gbà padà nígbà tó bá ń fa eré sẹ́yìn, ẹ̀rọ rẹ̀ á yí padà di jẹnẹrétọ̀ tó ń rọ iná sínú bátìrì. Tí wọ́n bá sì dúró nínú gósíló, kì í mu nǹkan kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mu. Nítorí náà ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ sanwó imú roboto fún bọ́ọ̀sì ìgboro. Táyà tó le dáadáa á ṣe é lóore ju ìyẹn lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn nínú yanrìn. Owó fífẹ́ táyà kò sì tó nǹkan.

Ká wá ṣírò. Ká ní bọ́ọ̀sì náà ń rin 60 kìlómítà lóòjọ́, kó sì máa fi yúníìtì kan rin kìlómítà 5. Yúníìtì 12 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan di 225 náírà, ìyẹn jẹ́ 2,700 náírà lóòjọ́, tí a bá ní ìfisòfò díẹ̀ wà nígbà tí a bá ń ṣájì, kó tó 3,000. Tí bọ́ọ̀sì elépo bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, lítà 6 nìyẹn, ó ń lọ sí 6,000 ní owó epo ọdún kan náà. Ìdajì ló ku sí wa lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ la máa fi ṣájì rẹ̀ ṣá o, kí a má wulẹ̀ dá ara wa láàmú.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bi àwọn ọmọkùnrin náà ni irú bátìrì tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bátìrì olómi tí à ń fi sí ínfátà nílé ni wọ́n máa kó síbẹ̀ torí ó dínwó. Ọ̀kan rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 200, wọ̀n tó 60 kìlò. Iná tó lè gbà kò ju yúníìtì 2 àti díẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí a lò ó kọjá ìdajì tí a kò bá fẹ́ kó kú kíá. Láti rí yúníìtì 12, a máa nílò bíi mẹ́wàá. Ìyẹn 600 kìlò, àpò ìrẹsì 12, tí bọ́ọ̀sì á máa gbé kiri láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹni tó máa rà á! Ẹrù tiwa ńkọ́? Ti lithium kò ní ju bí àpò ìrẹsì méjì lọ fún iṣẹ́ kan náà. Owó rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni kí a rà, tí a kò bá sì lówó rẹ̀, kí a dúró.

Lọ́rì ló kù. Ẹ má rò pé a ní kí wọ́n dín ẹrù kù. Rárá o. Kí lọ́rì kan lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹrù kíkún sàn ju kó lọ lẹ́ẹ̀méjì pẹ̀lú ìdajì. Ohun tí à ń sọ ni bí a ṣe ń tò ó. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀. Kí iwájú máa dá gun sókè díẹ̀díẹ̀ láti orí kábù, kí ẹ̀yìn máa sọ̀ kalẹ̀, kí tapólì fà le kó má máa gbá pàpàpà bí aṣọ tó wà lórí okùn. Gbogbo ibi tí tapólì bá ti ń gbá, epo ló ń jó níbẹ̀. Kí wọ́n fi páànù tó dá gun sórí kábù, kí atẹ́gùn lè gba orí ẹrù kọjá. Kí a má so kẹ́ẹ̀gì àti apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Àwọn alátòmátò àti alálùbọ́sà ti ń kùn, a gbọ́ wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, tí a bá fi tapólì dì tòmátò pa láti òkè Ọya dé ibí, ọbẹ̀ ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Fún ẹrù tirẹ̀, páànù iwájú yẹn nìkan tó, kí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Gàárì, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, ìwọ̀nyí kò ní àwáwí kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ níta. Lórí lọ́rì ẹgbẹ́, àwa la ni èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì àdáni tó ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wa, dírẹ́bà ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì, àwa sì ń sanwó lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Tí atẹ́gùn bá dínkù, àpò tiẹ̀ ló máa nípọn sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìgbìmọ̀ pe àwọn onílọ́rì jókòó kí a tó sọ fún ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń to ẹrù. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ẹgbẹ́ á san ìdajì owó páànù orí kábù, lọ́rì náà kò ní sá ju 80 lọ, a ó wọn dísẹ́ẹ̀lì fún ìrìn mẹ́rin ṣáájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, ohun tó bá sì kù, kí a pín in sí méjì, kí ìdajì tiwa yọ lára owó àpò. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hàn wá, kó lọ bá ẹlòmíràn kó ẹrù.

Ní ti bọ́ọ̀sì, kí àwọn ọmọkùnrin náà má kàn sọ iye kìlómítà fún wa. Bọ́ọ̀sì òfìfo lójú ọ̀nà tó tẹ́jú lè rin iye tí ó bá wù ú. Kí wọ́n kó àpò gàárì wa sí i, èyí tí a máa ń kó gan-an, kí wọ́n gba ọ̀nà tiwa lọ́jọ́ ọjà títí bátìrì á fi fẹ́ tán, kí ìyálọ́jà wà nínú rẹ̀ kó máa wo aago. Kí wọ́n sì kọ iye ọdún tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì sórí ìwé, kì í ṣe ẹnu lásán. Ibi tí a ó ti máa ṣájì rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí láàárín ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa la mọ ohun tí iná máa ń ṣe sí ọjà, bátìrì lithium tó bá sì gbiná kì í gbọ́ ti omi garawa kan. Ẹ̀gbẹ́ ìta lápá ibi tí bọ́ọ̀sì ń sùn ló yẹ, pẹ̀lú ọdẹ.

Jórinjórin tó wà lẹ́yìn ọjà ti wá wọn orí kábù lọ́rì. Ó ní ọjọ́ méjì lòun máa fi ṣe é, tí wọ́n bá ti ra páànù àti páìpù sílẹ̀. Ìdìbò á wáyé ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti gba owó àjọ.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́